Bí A Ṣe Ń Sọ Ìṣòro Ibi Iṣẹ́ Tí Wọ́n Á Fi Gbọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ẹni tó ń gbé ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá, kí n tó wá di ẹni tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá bá. Ohun tí mo rí níhà méjèèjì kò jọra rárá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rò pé òun ti sọ ọ́ yékéyéké. Ẹni tó ń gbọ́ kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀, àfi pé inú ń bí ẹnì kan. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí ti wá.

Ṣé gbogbo ohun tó bá ń dùn mí níbi iṣẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ?

Rárá o. Ẹni tó bá ń ráhùn láràárọ̀, etí á di sí i. Lọ́jọ́ tí iná bá wá ń jó lóòótọ́, wọ́n á ní ìṣe rẹ̀ náà nìyẹn. Kí n tó lanu, mo máa ń bi ara mi bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bóyá ó ń pa iṣẹ́ tàbí owó tàbí ìlera ẹnì kan lára, àti bóyá ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ní nǹkan tó lè ṣe sí i. Bí ẹlẹgbẹ́ mi bá jágbe mọ́ mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo lè mú un mọ́ra. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan mọ́.

Ewu, olè jíjà àti ìfìyàjẹni kò sí nínú èyí tí à ń dúró kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Àwọn tó ń gbé e mì ni mo tún fẹ́ bá wí díẹ̀. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í kú síkùn. Mo rí ọkùnrin kan tó fara da ìwọ̀sí fún oṣù mẹ́jọ láìsọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé àga rẹ̀ láìtọrọ, ó sì bú gbàù. Títí di òní, àga ni àwọn tó wà níbẹ̀ rántí. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa oṣù mẹ́jọ yẹn.

Wọn ò ní pè mí ní olófòófó báyìí?

Àwọn kan lè pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ má tan ara yín. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, etí sì lè gbọ́ ọ. Ènìyàn ni olófòófó máa ń gbé wá: "Lágbájá kì í tètè dé." Ẹni tó ní ìṣòro á gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ wá: "Ní àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà ìkẹ́rùsí títí di aago mẹ́sàn-án, àwọn awakọ̀ márùn-ún sì dúró síta." Nínú gbólóhùn kejì yìí, ọ̀gá lè wá rí i pé òun fúnra òun ló rán Lágbájá síbòmíràn láàárọ̀ yẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ ti dá a lẹ́bi tán kí ẹnikẹ́ni tó wádìí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sì fẹ́ sọ ọ̀gá yín di bẹ́ẹ̀.

Ta ni kí n kọ́kọ́ bá sọ ọ́?

Ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù, tó sì lágbára láti yí i padà. Bó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ètò iṣẹ́ ni, alábòójútó yín. Kíkọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà pátápátá nígbà tí alábòójútó kò tíì gbọ́ dà bí ẹni fo ìgànná wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kódà bí ẹ bá jàre, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni ìdí tí ẹ fi gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé alábòójútó yẹn gan-an ni ìṣòro náà, tàbí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tó ń sọnù tàbí ti ìfọwọ́kanni láìfẹ́, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè pé òun ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, tàbí ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní ìwé òfin tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Ẹ wá a jáde, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ bí ẹ̀sùn ṣe ń lọ. Àwọn tó ń kà á kò pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá kà á ti ṣáájú.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan náà hàn yín lọ́nà méjì. Èyí ni àkọ́kọ́, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́, nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa kò ka àwa òṣìṣẹ́ sí rárá. Ìgbà tó bá wù yín lẹ máa ń gbé ìwé ṣíìfù jáde. Ó ti sú wa."

Èyí sì ni mo ì bá kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé ṣíìfù ọ̀sẹ̀ yìí jáde lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ méjì tó ṣáájú. Àwa méjì kò rí i kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdí ẹ̀rọ kejì sì ṣófo títí di aago mẹ́jọ. Ṣé ó ṣeé ṣe kó máa jáde lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀? Bí nǹkan kan bá ń dá a dúró, mo lè bá yín gba orúkọ àwọn tó fẹ́ ìsinmi jọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Kò sí irọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Lójú tiwa, bó ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "rárá". Ẹni tí ẹ bá sọ "rárá", "gbogbo ìgbà" tàbí "láéláé" fún, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un láti sá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwé náà jáde lásìkò ni yóò wá kàn, ó sì ti borí. Ó ṣe tán, ìwà rẹ̀ lẹ dá lẹ́jọ́, kò sì sí àgbàlagbà tó máa jókòó kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ka ìwà rẹ̀ fún un. Nínú lẹ́tà kejì, kí ló fẹ́ jiyàn lé lórí? Ọjọ́ Àìkú ni àbí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú? Ohun tí ojú rí ló wà níbẹ̀, ohun tó kó bá iṣẹ́ wà níbẹ̀, ohun tí ẹ ń fẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo "bí nǹkan kan bá ń dá a dúró". Èyí kì í ṣe ìtẹríba lásán. Nígbà tí ẹnì kan tó gbọ́n jù mí lọ wá bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a gbọ́ pé alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń fi iye iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí òun náà, tí òun kì í sì í sùn lóru ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́rin la ti fi ń bú u lẹ́yìn.

Ní ti àsìkò, òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ bí inú bá ń bí yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un kà. Ní tèmi, ìlàjì rẹ̀ ni mo máa ń pa rẹ́.

Ọ̀gá wa ní ká má gbé ìṣòro wá láìgbé ojútùú wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó gbóòórùn gáàsì kò gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ gáàsì kó tó pariwo. Bí ilé iṣẹ́ bá fi òfin yìí dí ẹnu ọ̀nà, àwọn ìṣòro tó ṣòro jù, èyí tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè dá tú, ni wọn kò ní gbọ́. Bí ẹ bá ní àbá, ẹ mú un wá. Bí ẹ kò bá ní, ẹ béèrè nǹkan kékeré kan: "Ṣé a lè jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e lórí lọ́la?"

Mi ò fẹ́ dà bí aláìlọ́wọ̀. Ṣé kí n máa rọra tọ́ka sí i ni?

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè dúró, pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ẹ yan àsìkò, ẹ kí i, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ má bọ̀wọ̀ títí ọ̀rọ̀ náà á fi sọnù sínú ìkíni. Mo ti gbọ́ ẹni tó wá bá mi fún ogún ìṣẹ́jú, tó dúpẹ́, tó bẹ̀bẹ̀, tó lọ. Lọ́jọ́ kejì ni mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù rẹ̀ tí kò pé ló bá wá.

Ibi tí àìsọ̀rọ̀-jáde ti pa ènìyàn wà nínú ìtàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1977, bàálù ńlá méjì, ti ilé iṣẹ́ KLM àti ti ilé iṣẹ́ Pan Am, kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Ènìyàn 583 ló kú. Bí ti KLM ṣe ń sáré láti gbéra, ẹnjiníà inú rẹ̀ béèrè bóyá ti Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Ọ̀gá awakọ̀, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà tí ilé iṣẹ́ náà ń fi yangàn, dá a lóhùn pé ó ti kúrò, eré sì ń lọ. Ẹnjiníà náà kò tún un sọ. Kì í ṣe òun ló fa jàǹbá náà, ọ̀pọ̀ nǹkan ló pàdé lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òun ló fura, ìbéèrè ló sì fi sọ ọ́.

Ní ọdún 1979, NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú àti gbalasa òfuurufú, pe àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú jọ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù káàkiri ayé lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti sọ̀rọ̀ ṣeé lò níbikíbi: pe ẹni náà lórúkọ tàbí oyè, sọ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀, sọ ohun tí o rí, sọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe, kí o sì béèrè èsì. "Ọ̀gá, ọkàn mi ò balẹ̀. Àkàbà yìí ti sán ní ẹsẹ̀ kan. Mo fẹ́ ká gbé òmíràn kí ẹnikẹ́ni tó gun un. Ṣé ẹ gbà?" Kò sí àìlọ́wọ̀ kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní òun kò gbọ́.

Ṣé ẹnu ni kí n fi sọ ọ́ ni, àbí kí n kọ ọ́?

Ẹnu lákọ̀ọ́kọ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwé tó ṣàdédé balẹ̀ sórí tábìlì ẹnì kan máa ń dà bí ìwé ìpẹ̀jọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá fi ímeèlì kúkúrú tẹ̀ lé e: "Ẹ ṣé tí ẹ fún mi láyè lónìí. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ, ẹ máa béèrè nípa ọ̀rọ̀ náà kó tó di ọjọ́ Ẹtì." Ìlà méjì péré. Bó bá gbàgbé, ó wà níbẹ̀. Bó bá sẹ́, ó wà níbẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ńlá, èyí tó kan ẹ̀mí, owó tàbí òfin, ẹ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1985, Roger Boisjoly, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Morton Thiokol, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òrùka rọ́bà tó dí ojú ìsopọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì lè kùnà, àti pé bí wọn kò bá tètè ṣe nǹkan sí i, ẹ̀mí lè bá a lọ. Lálẹ́ tó ṣáájú ìgbà tí Challenger, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń gbé, gbéra, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún bẹ̀bẹ̀ pé òtútù ti pọ̀ jù, kí wọ́n dúró. Àwọn ọ̀gá kò gbà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 1986, ó tú ká ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Mi ò sọ èyí láti bà yín lọ́kàn jẹ́. Ènìyàn lè sọ ọ́ dáadáa, lásìkò, fún ẹni tó yẹ, kí wọ́n má sì gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ìwé yẹn wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní kò sẹ́ni tó kìlọ̀.

Kí ni kí n máa kọ pa mọ́ fún ara mi?

Ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn gan-an, kì í ṣe ìtumọ̀ tí ẹ fún un. "Ó rí mi fín" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. "Ó ní, 'Ta ló gba èyí síṣẹ́?' níwájú oníbàárà méjì" á wúlò. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ìwé tiyín, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe máa kó ìwé àṣírí ilé iṣẹ́ tàbí orúkọ àwọn oníbàárà lọ sí ímeèlì tiyín nítorí pé ẹ ń kó ẹ̀rí jọ. Mo ti rí ibi tí ẹlẹ́jọ́ ti di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ nítorí rẹ̀. Gbígba ohùn ènìyàn sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ náà, òfin rẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ fóònù.

Ṣé mo lè sọ ọ́ níbi ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́?

Mo ti ṣe é rí. Níwájú ènìyàn bí ogún, mo dìde, mo ní owó àfikún iṣẹ́ oṣù tó kọjá kò pé. Òótọ́ ni mo sọ. Ọ̀gá mi wolẹ̀, ó yíjú wo ọ̀gá tirẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá ní, "Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ fún mi." Òótọ́ ni òun náà sọ. Owó náà pé lóṣù tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí èmi àti ẹ̀ tó tún jọ rẹ́rìn-ín.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo yín, tí ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ nípàdé, ẹ jẹ́ kó gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú: "Mo fẹ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ owó àfikún lọ́la, sà." Gbólóhùn kan yìí ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ọdún kan yẹn.

Àwa mẹ́fà la ní ìṣòro kan náà. Ṣé ká jọ lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sàn jù lọ́pọ̀ ìgbà. Ohùn mẹ́fà ṣòro láti pè ní ìwà ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń béèrè, kí ẹni kan tàbí méjì máa sọ̀rọ̀. Bí mẹ́fà bá wọlé tí kálukú sì ń mú tirẹ̀ jáde, ọ̀gá á mú èyí tó rọrùn jù dáhùn, á sì ní òun ti ṣe. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà, ẹ gba ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wà nínú Àdéhùn 87 ti ọdún 1948 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé kalẹ̀.

Ní ti WhatsApp tí ẹ dá sílẹ̀ láti fi sọ ọ́: ẹ máa kọ ọ́ bíi pé ọ̀gá ń kà á. Ó ṣeé ṣe kó máa kà á.

Bó bá jẹ́ ìfọwọ́kanni láìfẹ́ tàbí ìhalẹ̀mọ́ni ńkọ́?

Ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ lókè nípa ohùn pẹ̀lẹ́ àti bíbá ẹni náà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kò sí ẹni tó jẹ ẹni tó ń fọwọ́ kàn án ní gbèsè ìjókòó àlàáfíà. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti lè rí ààbò, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Bó bá jẹ́ ìwà ọ̀daràn, ọlọ́pàá lọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ẹ̀ka òṣìṣẹ́ nìkan.

Ní ọdún 2019 ni ILO fọwọ́ sí Àdéhùn 190 lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 2021. Ó gbòòrò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ó kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ó kan ìrìn àjò iṣẹ́, ọ̀nà ìlọ-sí-iṣẹ́ àti ìbọ̀ rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni lórí fóònù. Nítorí náà, "kì í ṣe inú ọ́fíìsì ló ti ṣẹlẹ̀" kì í ṣe àwáwí.

Bí ewu bá wà níwájú mi ní báyìí, ṣé kí n kọ̀wé?

Ẹ dá iṣẹ́ dúró ná, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó wà nítòsí. Ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Àdéhùn 155 ti ILO, ti ọdún 1981, sọ pé kí wọ́n má fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó kúrò níbi tó nígbàgbọ́, pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n wá, pé ewu ńlá ti dé tán sí ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti kọ́ èyí mọ́ ara ògiri. Ní ilé iṣẹ́ Toyota, okùn kan wà lórí ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe á fà á, olórí ẹgbẹ́ á sáré wá. Bí wọn kò bá rí i tún ṣe lásìkò, gbogbo ìlà iṣẹ́ á dúró. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ẹni tó fa okùn kò ní láti kọ́kọ́ wá ẹni tó máa gbà á gbọ́.

Ṣé wọ́n lè lé mi nítorí pé mo sọ̀rọ̀?

Kò tọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Àdéhùn 158 ti ILO, ti ọdún 1982, sọ gbangba pé kíkọ ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ lórí òfin tí wọ́n rú kì í ṣe ìdí tó tọ́ láti lé ènìyàn, àmọ́ orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló dè. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2019 fi dandan mú ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè láti ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà tú àṣírí ìrúfin. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ̀ láàárín ọjọ́ méje pé àwọn ti gbà á, kí wọ́n sì fún un lésì láàárín oṣù mẹ́ta. Ìrúfin ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe èdèkòyédè àárín ẹni méjì.

Ohun tó máa ń já ènìyàn kulẹ̀ jù ni àsìkò. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nítorí pé ó sọ nípa ewu, lábẹ́ òfin ààbò ibi iṣẹ́ ti ọdún 1970, ọjọ́ 30 péré ló ní láti fi kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ á ti lo ọjọ́ 30 yẹn lórí ìbànújẹ́ nìkan. Bí ẹ bá ti rí i pé ojú ń yí padà sí yín, ẹ tètè béèrè òfin ibi tí ẹ wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ṣé kí n fi orúkọ mi pamọ́?

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìwé tí kò lórúkọ kò ṣeé bi ní ìbéèrè, nítorí náà ẹ kó gbogbo ọjọ́, ibi àti iye sínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, ìwé náà ní orúkọ bí ẹ kò tilẹ̀ kọ ọ́.

Mo ti sọ ọ́, ohunkóhun ò yí padà.

Ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí ẹ jọ dá. Bí ẹ kò bá dá ọjọ́ kankan, àṣìṣe wa gbogbo nìyẹn, ẹ lọ dá a báyìí. Ẹ má tún gbogbo ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn ní, "Mo wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejìlá yẹn dé." Lẹ́yìn ìgbà kejì, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ gbé e lọ sókè, kí ẹ tó gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa ń yanjú láàárín gbólóhùn yẹn àti ọ́fíìsì ẹni tó wà lókè.

Nígbà míràn, èsì á dé, á sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá sọ ìdí, ẹ gbé e wò. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí ẹ kò rí láti ìdí iṣẹ́ tiyín. Bí kò bá sí ìdí, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ èyí tí ẹ kò lè gbé pẹ̀lú rẹ̀, wíwá iṣẹ́ síbòmíràn kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ẹ má kàn fi ìbínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Èmi ni ọ̀gá. Kò sí ẹni tó ń mú ẹ̀sùn wá bá mi. Ṣé nǹkan ń lọ dáadáa nìyẹn?

Mo bẹ̀rù fún yín díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Amy Edmondson ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Ó rò pé ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ ni àṣìṣe wọn á kéré. Àkọsílẹ̀ fi òdìkejì hàn: àwọn ẹgbẹ́ tó dára jù ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù nínú ìwé. Ó wá yé e pé wọn kò ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ń sọ tiwọn ni. Níbi tí ọ̀gá ti le koko, àṣìṣe wà, wọ́n ń bò ó ni.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni NASA ti ń gba ìròyìn àṣìṣe lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bàálù, wọ́n á yọ orúkọ kúrò, ẹni tó bá sì sọ tirẹ̀ kì í sábà jìyà bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìròyìn tó ti wọlé ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ò rí i pé ènìyàn á sọ̀rọ̀ bí kò bá sí pàṣán lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tó kọ́ mi bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ kò ka ìwé kankan fún mi. Mo lọ sọ fún un pé ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ń fi ẹrù hàn ní wíwúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Kò ní "ó dá ọ lójú?" Ó fa àga fún mi, ó mú bírò, ó ní, "Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ kíyè sí i?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló wá bá mi nídìí iṣẹ́: "Wọn ò tíì fọwọ́ sí owó ìwọ̀n tuntun. Mo tún máa béèrè lọ́jọ́ Ajé." Ìwọ̀n ṣì wà bó ṣe wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kejì kan wà tí mo ti gbé síkùn láti oṣù méjì, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ fún un.